Ewéko wo ló yẹ ká gbìn sáàárín síláàbù ojú ọ̀nà, níbi tí omi ò pọ̀?

Àgbàlá_Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀nà kan ló wà nílẹ̀, láti ẹnu géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé, ní Mọ́níyà, Ìbàdàn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 9, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2. Ilẹ̀ pupa ni, yangí wà nínú rẹ̀, bí òjò bá rọ̀, orí ilẹ̀ lomi ń gbà kọjá, kì í wọlẹ̀. Oòrùn ń pa á láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àfi nǹkan bíi mítà 2 tó kángun sí ilé, tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Bohóòlù máa ń gbẹ láti Jánúárì títí dé ìparí Máàṣì. Omi tí a fi owó rà kò ṣeé máa dà sí koríko.

A ò fẹ́ kọnkéré láti òpin dé òpin nítorí ooru. Síláàbù la fẹ́ tẹ́, kí ewéko wà láàárín wọn. Èwo ló lè gba ẹsẹ̀, tí ọyẹ́ ò sì ní pa? Thyme àti dichondra ni wọ́n ń lò nínú fídíò àwọn ará Kalifọ́níà, wọ́n dára lójú. Ṣé wọ́n lè hù níbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Olódòdó_Ẹ̀gbá

Ẹ má dáwọ́ lé thyme rárá. Ní Kalifọ́níà, ìgbà tí ooru bá mú jù ni òjò kì í rọ̀, inú òtútù ni tiwọn máa ń rọ̀. Níbí ńkọ́? Ooru àti òjò jọ ń wọlé ni, láti Épírì títí dé Ọ̀któbà. Ewéko tí ara rẹ̀ mọ ẹ̀ẹ̀rùn gbígbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti ìdí bó bá fi máa di Júùnù, nítorí omi kì í kúrò lára ewé rẹ̀ ní òru. Dichondra ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ pẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn tiwa gùn jù fún un.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fi yan ewéko abolẹ̀, ẹ má sì yí wọn po: mélòó ni ẹsẹ̀ tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ lójúmọ́, wákàtí mélòó ni oòrùn ń pa ibẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó ló lè wà láìrí omi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi àwọ̀ òdòdó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò.

Fún ibi tí oòrùn ń pa, ẹ̀pà tí ń rákò ni mo fọwọ́ sí. Arachis pintoi lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, pínọ́ọ̀tì gíráàsì ni àwọn oní-nọ́sìrì máa ń pè é. Òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ti ẹ̀pà jíjẹ, ó ń tẹ́ lọ lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ìtàkùn tó ń ta gbòǹgbò ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ kíkan, ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, kò sọ pé òun ò hù. Ìdílé ẹ̀wà ló ti wá, nítorí náà gbòǹgbò rẹ̀ ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, kò nílò ajílẹ̀ yúríà. Bẹ́ ẹ bá fún un ní yúríà, koríko mìíràn lẹ ń bọ́.

Ibi tó kù sí: kò lè gba ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn lójoojúmọ́ ní ojú kan náà. Síláàbù ni yóò gba ẹsẹ̀, òun yóò gba àlàfo. Nínú ọyẹ́ ewé rẹ̀ á dínkù, àwọn mìíràn á rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ìtàkùn rẹ̀ kì í kú bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti jinlẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ó tún yọ.

Táyé_Kápẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò fi sọ pé kí wọ́n lo carpet grass? Òun ló wà lọ́wọ́ gbogbo oní-nọ́sìrì, owó rẹ̀ kò wọ́n, èèyàn sì lè tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú.

Olódòdó_Ẹ̀gbá

Táyé, gbòǹgbò carpet grass kò lọ jìnnà nínú ilẹ̀. Ibi tó tutù, ibi tí òjìji wà díẹ̀, ló ti ń ṣe dáadáa. Nínú oòrùn Mọ́níyà, láìsí omi láti Jánúárì dé Máàṣì, á gbẹ pátápátá, ibi tó bá sì ti gbẹ kú, èpò ló máa ń gbà á kí òun tó padà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Bahama grass (Cynodon dactylon) ló lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn: á pọ́n, á sùn, á jí. Àmọ́ kò fẹ́ òjìji rárá, nígbà òjò ẹ óò máa gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sì ń wọ abẹ́ síláàbù lọ sínú ebè ẹ̀fọ́. Ibi tí ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni mo ń gbìn ín sí. Àlàfo 20 cm láàárín síláàbù kò yẹ ẹ́, nítorí ẹ̀rọ ìgéko kò lè gbabẹ̀ dáadáa.

Bíríkìlà_Ọ̀jọ̀ọ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ síláàbù, torí bí síláàbù bá ń mì, ẹsẹ̀ á kúrò lórí rẹ̀, á bọ́ sórí ewéko.

Ẹ lo síláàbù 60 × 40 cm tó nípọn 5 cm. Ẹ dá a dúbúú ọ̀nà, kí 60 yẹn wà ní ìbú. Láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì kí ó jẹ́ 60 cm, torí ìgbésẹ̀ àgbàlagbà kò jìnnà sí ìyẹn. Àlàfo 20 cm ni yóò kù láàárín wọn, 30 cm yóò sì kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mítà 9 yóò gba síláàbù 15.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dà á fúnra yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba kọnkéré lítà 12, gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 180. Páànù sìmẹ́ńtì 1, iyanrìn 2, gíránáìtì kéékèèké 3. Àpò kan àti ààbọ̀ ló máa gbà, ẹ ra méjì. Ẹ máa fi omi rin ín fún ọjọ́ 7, kí ó pé ọjọ́ 14 kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Èyí tí wọ́n yọ nínú fọ́ọ̀mù ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sì tẹ́ ní ọjọ́ kẹta ni ẹ ń rí tó ń là láàárín.

Fún ìdí rẹ̀: ẹ gbẹ́ ihò síláàbù kọ̀ọ̀kan jìn tó 9 cm. Ẹ kó sítóòn-dọ́ọ̀sì (lẹ́búlẹ́bú òkúta gíránáìtì) sí i, ẹ wọ́n omi díẹ̀, ẹ fi rámà gún un títí yóò fi di 5 cm líle. Síláàbù yóò wá yọ sókè ju ilẹ̀ lọ ní 1 cm. Sítóòn-dọ́ọ̀sì bíi bárò mẹ́rin á tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹ má lo iyanrìn lásán. Omi tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ pupa ń fọ iyanrìn jáde láti abẹ́ síláàbù, inú á ṣófo, ọjọ́ tí èèyàn kan bá gbé ẹrù tẹ̀ ẹ́ ló máa kán.

Kí ẹ̀gbẹ́ kan síláàbù ga ju èkejì lọ ní 1 cm, kí omi máa ṣàn sí ìhà tó jìnnà sí ògiri. Ẹ na okùn láti géètì dé ilẹ̀kùn kí ẹ tó tẹ́ ìkíní.

Àgbàlá_Mọ́níyà

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹ̀ka mélòó la máa rà? Àwọn ará ilé sì ń sọ pé ewéko tó bo ilẹ̀ ni ejò ń sá pamọ́ sí.

Olódòdó_Ẹ̀gbá

Ọ̀nà yín jẹ́ 10.8 m². Síláàbù 15 gba 3.6 nínú rẹ̀, ó ku 7.2 m² fún ewéko. Nínú ìyẹn, nǹkan bíi 5.6 wà nínú oòrùn, 1.6 wà lábẹ́ máńgòrò. Ní àlàfo 25 cm sí 25 cm, ẹ̀ka 16 ló ń wọ 1 m². Ìyẹn jẹ́ 90 fún ibi oòrùn; ẹ ra 100, kí ẹ lè rọ́pò èyí tó bá kú.

Bí ẹ óò ṣe gbìn ín nìyí. Ẹ dúró títí òjò á fi rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní Épírì, torí ilẹ̀ pupa gbígbẹ á ṣẹ́ díígà yín lásán. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ́ síláàbù, ẹ tú ilẹ̀ àlàfo jìn tó 15 cm, ṣùgbọ́n ẹ fi 5 cm sílẹ̀ létí síláàbù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án, kí ìdí rẹ̀ má bàa yọ̀. Ẹ da ilẹ̀dú nípọn 3 cm lé e, kí ẹ pò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ tí ẹ tú. Bárò mẹ́rin á tó. Imí adìẹ tútù kò yẹ níbí, ó ń jó gbòǹgbò. Èyí tó bá ti jẹrà fún oṣù mẹ́ta tí kò rùn mọ́, ẹ lè lò ó dípò ìlàjì ilẹ̀dú. Ẹ wọ́n ajílẹ̀ single superphosphate ṣíbí ìjẹun méjì sí 1 m² kọ̀ọ̀kan, torí ilẹ̀ pupa máa ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú kí ewéko tó rí i lò.

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gùn tó 20 cm, kí ó ní oríkèé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sínú ilẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí orí rẹ̀ yọ síta. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gé e ni kí ẹ gbìn ín. Èyí tó sùn mọ́jú nínú àpò ọ̀rá nínú ooru kì í hù dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọjọ́ tí òjò ò bá rọ̀, lítà 5 fún 1 m². Láti ọ̀sẹ̀ kẹta dé ìkẹfà, lítà 10 ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta bí òjò bá dá. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi í sílẹ̀ fún òjò. Bẹ́ ẹ bá gbìn ní Épírì tàbí Méè, gbòǹgbò rẹ̀ á ti ní oṣù mẹ́fà kí ọyẹ́ tó dé. Ìparí Ògọ́ọ̀sì sí àárín Sẹ̀tẹ́ńbà náà ṣeé gbìn, lẹ́yìn tí òjò bá padà. Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ ń fi ewéko ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ ejò, mo fi í sílẹ̀ fún Ìyá Ọlọ́gbà, wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ìyá_Ọlọ́gbà

Ẹ ṣé o, ọmọ mi. Eku ni ejò ń wá, ibi gíga tó ṣú ló sì ń gbà. Ẹ má jẹ́ kí ewéko ojú ọ̀nà ga ju 10 cm lọ. Ẹ fi àdá tàbí sísọ́ọ̀sì ńlá gé e sí 6 tàbí 7 cm ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta nígbà òjò, ẹ ṣa ewé máńgòrò kúrò, ẹ má kó búlọ́ọ̀kù àti pákó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 50 cm sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri ilé, kí ẹ da gíránáìtì nípọn 5 cm síbẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń kọjá níbẹ̀ á hàn. Àyè yẹn tún ń jẹ́ kí ẹ rí ojú ọ̀nà ikán lára ògiri kó tó dé férémù ilẹ̀kùn, òjò kì í sì í ta ẹrẹ̀ mọ́ ọ̀dà mọ́.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ju ejò lọ ni dàńdá. Ẹ wo ilẹ̀ yẹn dáadáa kí ẹ tó náwó. Bẹ́ ẹ bá rí koríko tí igi rẹ̀ ní igun mẹ́ta, tí kóró dúdú wà lára gbòǹgbò rẹ̀, dàńdá nìyẹn. Ẹ fà á tu, kóró á ṣẹ́kù, ọ̀kan á di márùn-ún. Àwọn kan á ní kí ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú tàbí aṣọ ìdènà èpò sílẹ̀. Ẹnu ewé dàńdá mú, ó ń gún un jáde. Aṣọ yẹn tún ń dí ìtàkùn ẹ̀pà lọ́wọ́, kò lè ta gbòǹgbò.

Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́: ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ hu dàńdá jáde, kó ní ewé mẹ́rin sí márùn-ún, kó máa dàgbà dáadáa. Ẹ wá fọ́n oògùn apako tó ní glyphosate sí i gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara ike ṣe wí, ní àárọ̀ ọjọ́ tí òjò kò ní rọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìtú ilẹ̀, kí oògùn lè dé ìdí kóró. Èyí tó bá tún yọ, ẹ tún fọ́n sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ oògùn, kó máa fi ọkọ́ wú u pẹ̀lú kóró rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún odidi ìgbà òjò kan, kó gbìn ní ọdún kejì. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n dàńdá tó bá wọ àárín ẹ̀pà kò ṣeé yọ mọ́ láìba ẹ̀pà jẹ́.

Ìkìlọ̀ kan tún ni: oní-nọ́sìrì lè gbé wedelia lé yín lọ́wọ́, ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, yóò sì ní kò fẹ́ ìtọ́jú. Òótọ́ ni pé kò fẹ́ ìtọ́jú. Ó wà nínú àkójọ 100 ẹ̀dá tó ti òkèèrè wá gbilẹ̀ tó burú jù láyé, tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ìṣẹ̀dá, ṣe. Ó ń bọ́ sínú gọ́tà, ó ń wọ ilẹ̀ aládùúgbò, ẹ̀ka kékeré tí ẹ bá jù sórí ààtàn á tún hù. Ẹ má rà á.

Etí_Ọ̀sà

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, mà. Iyanrìn ni ilẹ̀ tiwa ní Ajah, omi bohóòlù sì níyọ̀. Ṣé ẹ̀pà yìí á ṣe?

Ìyá_Ọlọ́gbà

Ẹ̀pà kò fẹ́ iyọ̀. Eteetí ewé á máa jó, á wá rẹ̀. Bí omi bá níyọ̀, Paspalum vaginatum ni kí ẹ béèrè, koríko etí òkun ni, òun ni wọ́n ń lò ní pápá gọ́ọ̀fù tí omi rẹ̀ kò dùn. Ó gba ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní tẹ̀, gbọ̀ọ̀rọ̀ ayaba tó ń hù fúnra rẹ̀ lórí iyanrìn etí òkun ń di ilẹ̀ mú dáadáa, àmọ́ ìtàkùn rẹ̀ ń lọ mítà púpọ̀, ẹ óò máa gé e. Nínú iyanrìn, ilẹ̀dú 5 cm ni kí ẹ pò, kì í ṣe 3, torí omi àti ajílẹ̀ kì í dúró níbẹ̀. Omi òjò láti orí òrùlé ni kí ẹ fi bomi rin ín fún oṣù méjì àkọ́kọ́.

Ọmọ_Bahia

Ẹ kú àjọṣe o, láti Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ni mo ti ń kọ ọ́. Ọmọ Bahia ni ẹ̀pà tí ń rákò yẹn. Geraldo Pinto ló mú un nínú igbó ní Belmonte, níbí ní Bahia, ní 1954, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Grama-amendoim la ń pè é, ó wà nínú ọgbà àti lẹ́bàá títì. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un: bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, ẹ yí ewé rẹ̀ wò láti ìsàlẹ̀. Bó bá ní àmì funfun wínníwínní àti òwú tẹ́ẹ́rẹ́, kòkòrò pupa kéékèèké tó ń mu omi ewé nìyẹn. Ẹ fi omi tó lágbára fọ abẹ́ ewé náà ní àárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Oògùn apakòkòrò tí gbogbo èèyàn ń lò ń pa àwọn tó ń jẹ kòkòrò yẹn, ó sì ń mú kí ó pọ̀ sí i.

Àgbàlá_Mọ́níyà

Kí la máa wá gbìn sábẹ́ máńgòrò? Àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lápá òsì, 40 cm ni, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Olódòdó_Ẹ̀gbá

Lábẹ́ máńgòrò, gbòǹgbò igi ń bá ewéko du omi, ewé tó ń jábọ́ sì ń bo ohun tó bá kúrú. Mondo grass kúkúrú (Ophiopogon) ń gba òjìji, ó sì lè gba ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. 15 cm sí 15 cm, nǹkan bíi 70 á bo 1.6 m² yín. Kì í yára o, á gbà tó ọdún kan àti ààbọ̀ kó tó pàdé ara rẹ̀. Ẹ da èèpo ẹ̀kùrọ́ nípọn 3 cm sáàárín rẹ̀ títí dìgbà náà. Ẹ má gé gbòǹgbò máńgòrò tó ju àtàǹpàkò lọ nítorí síláàbù, ẹ sún síláàbù díẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn ni ẹ ti lè ṣe ohun tó wù yín. Ọ̀já ìkookò kúkúrú kò fẹ́ omi rárá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ará ilẹ̀ wa ni, 25 cm sí ara wọn. Tradescantia aláwọ̀ àlùkò náà lágbára, àmọ́ omi ara rẹ̀ ń yún àwọn kan, ó sì ń yún ajá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bẹ́ ẹ bá ń gé e. Portulaca olódòdó ń tàn nínú oòrùn gan-gan, ṣùgbọ́n òjò Júùnù àti Júláì máa ń mú un jẹrà, ẹ gé ẹ̀ka 7 cm díẹ̀ pamọ́ sínú ìkòkò lábẹ́ òrùlé kí ẹ lè tún un gbìn. Bó bá jẹ́ èmi ni, gbúre ni màá fi kún ìdajì rẹ̀. Ó ń bo ilẹ̀, ó ń hù fúnra rẹ̀, a sì ń jẹ ẹ́.

Bíríkìlà_Ọ̀jọ̀ọ́

Ẹ wo ibi tí sókàwé wà o. Bí ọ̀nà bá gba orí rẹ̀, ẹ má fi rámà gún ibẹ̀, ẹ má sì bo ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ewéko kúkúrú kò ṣe é ní nǹkan.

Ìyá_Ọlọ́gbà

Omi ẹ̀ẹ̀rùn ló kù. Fún 7.2 m² yẹn, lítà 10 sí 1 m² ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì títí òjò á fi dé. Ìyẹn jẹ́ lítà 72, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tí kò kún dé ẹnu, lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn kò ní ju nǹkan bíi lítà 500 lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ dà á, díẹ̀díẹ̀ ní ìdí, kí ó wọlẹ̀. Èyí tí ẹ bá fọ́n lójoojúmọ́ ń tutù lókè lásán, gbòǹgbò á wá máa gòkè wá a.

Òrùlé tó fẹ̀ tó 100 m² ń fún èèyàn ní nǹkan bíi lítà 1,600 nínú òjò 20 mm kan. Ẹ gbé táńkì 1,000 lítà sábẹ́ gọ́tà òrùlé, kí ó kún ní Ọ̀któbà, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn, ẹ sì jẹ́ kí omi òjò àkọ́kọ́ tó fọ eruku òrùlé ṣàn dànù. Omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì náà dára. Èyí tí búlíìṣì wà nínú rẹ̀, ẹ dà á sínú gọ́tà.

Ní ọdún àkọ́kọ́, bí ewé bá dínkù ní Fẹ́búárì, ẹ má tú u. Ẹ fi èékánná ha ara ìtàkùn: bó bá tutù, tí ó sì ṣe àwọ̀ ewé lábẹ́, ó wà láàyè.